Ẹ má gbàgbé gírísì nínú ètò sátẹ́láìtì wa

Bí ọyẹ́ bá mú ní Kpalsi, ní ìlú Tamale lápá àríwá Ghana, òrí inú igbá á dì gbagidi. Tí ooru oṣù Kẹta bá dé, òrí kan náà á yọ́ bí òróró. Kò sí ìyá tó ń ṣe òrí lágbègbè yẹn tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìṣòro yìí náà ló ń bá àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú fínra, àmọ́ tiwọn le jù ú lọ.

Lókè lọ́hùn-ún, ibi tí oòrùn kò dé tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, ibi tí oòrùn ń pa sì lè gbóná ju omi híhó lọ. Afẹ́fẹ́ kò sí níbẹ̀. Ọ́ìlì tí à ń dà sínú mọ́tò á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, oruku rẹ̀ á sì lọ lẹ̀ mọ́ ojú kámẹ́rà. Bí irin bá ń ha irin láìsí ohun tó ń mú un yọ̀, méjèèjì lè lẹ̀ pọ̀ bí ẹni pé wẹ́dà ló jó wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo òróró àkànṣe tí kì í tètè gbẹ, tàbí lẹ́búlẹ́bú dúdú kan, molybdenum disulfide, tí wọ́n ń fi kun irin bí ọ̀dà.

Ẹ wo Galileo, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà rán lọ sí Jupiter lọ́dún 1989. Ìjàmbá Challenger ti dá ìrìnàjò rẹ̀ dúró, wọ́n wá ń fi tírélà gbé e láti California lọ Florida, wọ́n tún ń gbé e padà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gbà pé ojú ọ̀nà yẹn ni lẹ́búlẹ́bú náà ti ha kúrò lára àwọn irin tó di eriali ńlá rẹ̀ mú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1991, wọ́n ní kí eriali náà ṣí bí agboòrùn. Kò ṣí délẹ̀. Ọkọ̀ tó yẹ kó máa fi 134,000 bíìtì ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan wá ń rápálá pẹ̀lú eriali kékeré tí agbára rẹ̀ kò ju 160 lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. NigComSat-1 tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́ lọ́dún 2007 kò lo ọdún méjì tí iná fi tán nínú rẹ̀, nítorí àléébù apá tó ń gba oòrùn. Irú apá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí tẹ̀lé oòrùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí mẹkáníìkì tó máa gòkè lọ fi gírísì sí i. Ghana ti ní GhanaSat-1 rí, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ All Nations ní Koforidua, ó sì ní awò Kuntunse nítòsí Accra tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 32. Ilẹ̀ ni awò yìí wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n béárìn àti jíà ló ń yí i tẹ̀lé ìràwọ̀.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ni àwọn ìjọba wa fẹ́ràn, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń ya fọ́tò. Èrò tiwa ni pé kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ gírísì àti béárìn, kí Tamale Technical University sì wà lára ibi tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì tó ń tún kẹ̀kẹ́ Yellow-Yellow ṣe nílùú yẹn ti mọ ohun tí eruku ọyẹ́ ń fi béárìn ṣe, ó sàn ju kéèyàn bẹ̀rẹ̀ lórí òfo. Ní ti Kuntunse, kí owó ìtọ́jú rẹ̀ dá dúró nínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n má fi há àárín owó ayẹyẹ.