Àrùn Tó Ń Gbé Inú Ilẹ̀, Láti Ìkìrun Dé Òkukù

Ẹni tó bá gba títì Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà yóò kọjá ní Ìkìrun, yóò kan Ìnísà, kó tó dé Òkukù. Ọ̀nà náà kò gùn, àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Òkè àpáta wà ní Ìkìrun. Bí a ṣe ń rìn síwájú ni ọ̀dàn ń gba ipò igbó. Odò Ọ̀tìn àti àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn sínú rẹ̀ sì ń bomi rin àkùrọ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn wà nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í pọ̀ dọ́gba níbi gbogbo. Ibi tí àgbàrá ń wọ́ erùpẹ̀ lọ, ibi tí ẹran ń jẹ̀ sí, àti ẹrù tí ọmọ èèyàn ń kó rìn ló ń pinnu ibi tí wọn yóò pọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú tẹ́tánọ́ọ̀sì, tí àwọn àgbà ń pè ní ipá. Kòkòrò rẹ̀ ń gbé nínú ìfun màlúù, ẹṣin, àgùntàn àti adìẹ, ó sì ń bá ìgbẹ́ wọn bọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, kì í kú: yóò sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle bí èkùrọ́, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1884, Arthur Nicolaier ní Jámánì fi erùpẹ̀ ọgbà sí abẹ́ awọ ẹranko, ipá sì mú wọn. Lọ́dún 1889, Kitasato Shibasaburō, ọmọ Japan, ya kòkòrò náà sọ́tọ̀ ní Berlin. Ilẹ̀ olóoru tí òjò ti ń rọ̀, tí àgbẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn ti pọ̀, ni àrùn náà ti wọ́pọ̀ jù.

Ẹ wo àgbẹ̀ tó ń ro ẹ̀fọ́ lákùrọ̀. Òjò ti gbá ìgbẹ́ ẹran láti òkè wá síbẹ̀. Ó bọ́ bàtà nítorí ẹrọ̀fọ̀, ìṣó sì gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló yọ. Ó fi ewé nù ún, ó ń báṣẹ́ lọ. Ọgbẹ́ tó là gbàgà ló ń dẹ́rù bà wá, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ń wọ inú irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kòkòrò yìí kò sì fẹ́ afẹ́fẹ́. Inú ihò tóóró tó jìn, tí ojú rẹ̀ ti dí, ló ti ń jí. Láàárín ọjọ́ 3 sí 21, ẹ̀rẹ̀kẹ́ a le, ọrùn a gan, gìrì a sì dé.

Ọ̀nà ti anthrax, àrùn ẹran mìíràn tó ń gbé inú ilẹ̀, yàtọ̀. Ilẹ̀ tí èròjà ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀, tí kò sì kan, ni kòkòrò rẹ̀ ti ń pẹ́ jù. Ilẹ̀ tiwa tí òjò ń ṣan kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹran kì í wo irú ilẹ̀ kó tó gbéra. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, anthrax bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Ghana. Nígbà tó di oṣù Keje, wọ́n rí i lára ẹran ní oko kan ní Ìpínlẹ̀ Niger. Òkè Ọya sì ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ màlúù tí à ń jẹ wá. Bí màlúù bá ṣàdédé kú, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú àti nídìí rẹ̀, ẹ má kun ún, ẹ má bó awọ rẹ̀ ṣe pọ̀ǹmọ́. Ẹ pe dókítà ẹran. Tí afẹ́fẹ́ bá ti kan ẹ̀jẹ̀ náà, kòkòrò inú rẹ̀ yóò wọ èèpo líle tirẹ̀, yóò sì di onílé nínú ilẹ̀. Lórí erékùṣù Gruinard ní Scotland, níbi tí ìjọba Britain ti dán anthrax wò lọ́dún 1942, ọdún 1990 ni wọ́n tó kéde pé kò séwu mọ́.

A kò lè fọ gbogbo ilẹ̀ mọ́. Ara wa la lè dáàbò bò. Tẹ́tánọ́ọ̀sì kì í ràn láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn, nítorí náà abẹ́rẹ́ àjẹsára tí aládùúgbò yín gbà kò lè gbà yín. Ẹni tó ti ní in rí pàápàá lè tún ní in. Kí aláboyún gba tirẹ̀. Kí ọmọ tuntun gba tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìgbẹ́ ẹran tàbí erùpẹ̀ sí ìwọ́ ọmọ. Bí nǹkan bá gún yín lóko, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Àgbẹ̀ tó ń gbé abà ló súnmọ́ kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì jù, òun náà ló jìnnà sí abẹ́rẹ́ jù. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn àti Odò-Ọ̀tìn, tí àwọn ìlú ọ̀nà yìí wà lábẹ́ wọn, gbé abẹ́rẹ́ lọ bá a lábà, àti lọ́jà lọ́jọ́ tó bá ń ná an.