Pọ́ìǹtì Káàdì Kì í Ṣe Ẹ̀bùn

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Houston, ní Maryland, ní Chicago, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n níbi àpèjẹ wa: "Káàdì àwìn (credit card) ni kó o fi máa ra gbogbo nǹkan. Báńkì á fún ẹ ní pọ́ìǹtì, ọ̀fẹ́ ni." Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni irọ́ yìí sì ti tì sínú gbèsè.

Ibo ni owó pọ́ìǹtì ti ń wá? Bí ẹ bá fi káàdì rajà, owó kì í dé ọwọ́ ọlọ́jà pé. Báńkì àti iléeṣẹ́ káàdì á ti yọ nǹkan bíi dọ́là méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ọlọ́jà kò ní gbà kí àdánù náà jẹ́ tòun nìkan, á bù ú lé iye ọjà. Gbogbo wa la ń san án, títí kan ìyá àgbà tó ń fi owó ọwọ́ ra ìrẹsì, tí kò ní káàdì kankan. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní Federal Reserve Bank of Boston ṣírò rẹ̀ pé ìdílé tó ń fi owó ọwọ́ rajà ń sọ 149 dọ́là sápò àwọn onílò káàdì lọ́dọọdún. Ṣé ẹ̀bùn báńkì nìyẹn?

Èlé ni orísun kejì, ibẹ̀ gan-an sì ni ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ti ju èje lọ. Ẹ mú ìwé tí báńkì fi ń sọ iye tí ẹ jẹ lóṣooṣù, kí ẹ wò ó dáadáa. Ká ní 3,000 dọ́là ni gbèsè yín. Wọ́n á kọ iye tó kéré jù tí ẹ lè san sí i, bóyá 85 dọ́là, ibẹ̀ ni ojú sì ń sáré lọ. Ṣùgbọ́n àpótí kékeré kan wà lórí ìwé yẹn tí òfin ọdún 2009 fipá mú báńkì láti fi síbẹ̀: iye ọdún tí ẹ ó fi wà lẹ́nu gbèsè náà bó bá jẹ́ iye tó kéré jù yẹn nìkan lẹ ń san. Ẹ kà á! Bí èlé bá jẹ́ 22 nínú ọgọ́rùn-ún, tí 3,000 yẹn sì wà nílẹ̀ fún ọdún kan gbáko, èlé rẹ̀ á ju 650 dọ́là lọ. Pọ́ìǹtì orí rẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ ẹyọ kan sí dọ́là kan, 3,000 pọ́ìǹtì ni, ìyẹn nǹkan bí 30 dọ́là. Ta ló jèrè?

Àwọn kan tilẹ̀ ń san gbèsè wọn pé lóṣooṣù, wọ́n ṣe dáadáa, àmọ́ wọ́n ń kó pọ́ìǹtì jọ bí ẹni ń ra ilẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ ń gbówó lórí; pọ́ìǹtì kì í bímọ. Ní 2015, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Delta yọ àtẹ tó ń sọ iye máìlì, ìyẹn pọ́ìǹtì tiwọn, tí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan máa gbà kúrò. United náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2019. Iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń pè báyìí.

Ọ̀nà tí ẹ gbà ná pọ́ìǹtì náà ṣe kókó. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá pọ́ìǹtì báńkì Chase á fún yín ní 100 dọ́là bí ẹ bá gbà á lówó. Bí ẹ bá fi ra ọjà ní Amazon, 80 ló máa jẹ́. Èyí tó sábà máa ń gbé e jù ni kí ẹ gbé e lọ sínú ètò pọ́ìǹtì iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, irú bíi Flying Blue ti Air France àti KLM, tí àwọn méjèèjì ń fò dé Èkó. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ìjókòó wà lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, torí pọ́ìǹtì tí ẹ bá ti gbé lọ kì í padà. Ẹ sì rántí pé ẹ ṣì máa fowó san owó orí tíkẹ́ẹ̀tì náà.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ gbèsè káàdì lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lépa pọ́ìǹtì kankan mọ́. Ẹ sọ èyí tó wà nílẹ̀ di owó, ẹ fi dín gbèsè kù, kí ẹ sì gbé káàdì náà jù sínú dúrọ́ọ̀ títí ẹ ó fi san án tán.