Àmín Nìkan Kò Tó Fún Ẹni Tó Ń Lọ Ṣiṣẹ́ Lókè Òkun

Ní ọdún 2023, mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ẹgbẹ́dá. Láti Ìgàndó la ti wọ bọ́ọ̀sì. Èmi ni mo gbé fáìlì rẹ̀ dání. Ẹ́jẹ́ǹtì tó ń bá a ṣètò iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba ló pè wọ́n jọ, bíi ogún èèyàn, fún Sátidé méjì. Wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa wọ aṣọ lé aṣọ nítorí òtútù.

Nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tó ní ìbéèrè, mo nawọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ọ̀gá ibẹ̀ bá ń yà wọ́n sọ́tọ̀, tàbí tó ń fìyà jẹ wọ́n, kí ni kí wọ́n ṣe?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò, Ọlọ́run ò ní jẹ́. Gbogbo ilé, ẹ ṣe àmín." Gbogbo ilé ṣe àmín. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi níhà pé kí n jókòó.

Èmi náà ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ rèé: ẹni tó bá ń rán òṣìṣẹ́ lọ sókè òkun, ì báà ṣe ẹ́jẹ́ǹtì ní Ìkòtún tàbí ilé iṣẹ́ ńlá ní Erékùṣù Èkó, kò tíì múra onítọ̀hún sílẹ̀ bí kò bá kọ́ ọ ní òfin ìyàsọ́tọ̀ níbi iṣẹ́ ní ìlú tó ń lọ. Kó kọ́ ọ ní ohun tí òfin náà dáàbò bò, kó sì kọ́ ọ ní ibi tí ó mọ.

Ẹ jẹ́ ká fi Ìlú Ọba ṣe àpẹẹrẹ. Equality Act 2010 wọn ka nǹkan mẹ́sàn-án tí agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ ya èèyàn sọ́tọ̀. Lára wọn ni ọjọ́ orí, ìpèníjà ara, oyún, ẹ̀sìn, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, àti ẹ̀yà. Lábẹ́ ẹ̀yà, òfin náà ka àwọ̀ ara àti orílẹ̀-èdè ẹni mọ́ ọn. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé ọmọ Nàìjíríà ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ obìnrin méjì, ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n mú lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀kan dé ní 2008, èkejì ní 2010. Wọ́n gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń lò wọ́n ní ìlò ẹrú, owó tí wọ́n ń san fún wọn kò tó nǹkan. Àwọn obìnrin náà sá, wọ́n sì pẹjọ́. Lórí owó iṣẹ́ wọn, wọ́n jàre. Lórí ẹ̀sùn ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́n pàdánù. Àlàyé Lady Hale nínú ìdájọ́ náà ni pé kì í ṣe torí pé wọ́n jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n ṣe fìyà jẹ wọ́n, bí kò ṣe torí pé ìwé ìgbélùú wọn kò fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Ọ̀pọ̀ àjèjì ló ń gbé ìlú náà tí wọn kò sí nínú irú ewu bẹ́ẹ̀. Ìwé ìgbélùú kò sì sí lára nǹkan mẹ́sàn-án yẹn.

Mi ò mọ ẹjọ́ yìí lọ́jọ́ tá a lọ sí Ẹgbẹ́dá. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè mí ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo tó wá a kà. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ òru ni wọ́n ń fún gbogbo àwọn tó ti Áfíríkà wá. Àwọn òyìnbó ló ń ṣe ti ọ̀sán. Nígbà tó sọ̀rọ̀, máníjà dá a lóhùn pé kó má gbàgbé ẹni tó fún un níwèé. Ó mọ ohun tó ń sọ. Tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí agbanisíṣẹ́ fi físà gbà wọlé, 60 ọjọ́ ni ìjọba sábà máa ń fún un láti wá ẹlòmíràn tó máa gbà á, tàbí kó máa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi panu mọ́. Ó wá ibòmíràn lábẹ́lẹ̀, ó rí i, ó kó lọ. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún ló tó bi mí bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀.

Ẹjọ́ lè wà níbẹ̀. Bí ó bá lè fi hàn pé àwọ̀ tàbí orílẹ̀-èdè ni wọ́n fi ń pín iṣẹ́ òru, òfin 2010 dé ibẹ̀. Ìhàlẹ̀ lórí físà ni ìdájọ́ 2016 sọ di nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ni òfin náà fún èèyàn láti pẹjọ́ nígbà náà, àfi bí ilé-ẹjọ́ bá rí i pé ó tọ́ láti fún un láàyè sí i. Ẹ̀gbọ́n mi kò kọ déètì kankan sílẹ̀, kò sì ya fọ́tò àtẹ iṣẹ́. Ó ní, "Fi sílẹ̀, àbúrò mi. Mo ti dúpẹ́."

Àwọn kan á ní ẹni tó ń wá oúnjẹ kì í béèrè òfin, pé ẹ̀rù lèmi ń dá bà wọ́n. Wọ́n á tún ní ọ̀rọ̀ ti tán, nítorí láti oṣù keje ọdún 2025 ni ìjọba ibẹ̀ ti dáwọ́ gbígba olùtọ́jú tuntun láti òkè òkun dúró. Àwọn tó ti lọ ṣì wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣì ń lọ, àwọn ilé iṣẹ́ Èkó ṣì ń rán òṣìṣẹ́ wọn. Mímọ òfin kì í sì í ṣe wíwá ìjà.

Ilé gan-an la ti ń kó àìmọ̀ yìí lọ. Ẹ wo àwọn ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó iná láti Ìyànà-Ìpájà dé Ìkòtún: obìnrin ni wọ́n ń fẹ́, kó má ju ọdún 25 lọ, kó rẹwà, kó má tíì lọ́kọ. A ń kà á kọjá bíi pé kò sí nǹkan kan. Nàìjíríà kò ní òfin kan ṣoṣo tó kó gbogbo ìyàsọ́tọ̀ níbi iṣẹ́ pọ̀. A ní abala 42 nínú Ìwé Òfin 1999, òfin 2014 tó dáàbò bo àwọn tó ní kòkòrò HIV, àti òfin 2018 fún àwọn tó ní ìpèníjà ara. Ẹni tí kò dá ìyàsọ́tọ̀ mọ̀ nílé kò ní dá a mọ̀ lẹ́yìn odi. Ó tún lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ẹni tí ilé iṣẹ́ rán lọ ṣe ọ̀gá ní London, tó wá ń fi oyún yẹ̀yẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀, kó mọ̀ pé wọ́n lè pe òun fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́ mọ́ ilé iṣẹ́.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń wí yìí kò ju àárọ̀ Sátidé kan lọ. Kí òṣìṣẹ́ ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kó tó wọ bàálù, kó sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ nílé. Kó mọ̀ pé ìwé ìrìnnà rẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀gá. Kó mọ nǹkan mẹ́sàn-án yẹn àti gbèdéke ìpẹjọ́, kó máa kọ déètì, kó sì mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn Acas. Kí wọ́n sọ òótọ́ fún un nípa ọ̀rọ̀ físà. Kó sì tó sanwó fún ẹ́jẹ́ǹtì, kó béèrè láísẹ́ńsì, nítorí abala 23 nínú Labour Act wa kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti máa kó òṣìṣẹ́ jọ láìgbàṣẹ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, a ti kọ́ nǹkan wọ̀nyí ní kíláàsì, a sì fi ṣe ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka wa máa yọ Sátidé kan ní sáà kọ̀ọ̀kan láti kọ́ àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi máa gbé àga. Tí ẹnì kan bá nawọ́ béèrè ohun tí mo béèrè ní Ẹgbẹ́dá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá a lóhùn ná. Lẹ́yìn náà, ká jọ ṣe àmín.