Òṣùwọ̀n Ìwo, Òṣùwọ̀n Ọdẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà tó jẹ nínú igbó, bó bá pa ẹran, kò ní í fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí òwe yìí ń fi yé ni ni pé ọdẹ ní òṣùwọ̀n kan nínú ọkàn rẹ̀ tó ga ju ìyà àti èrè lọ. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé, ta ló yẹ kó ṣe òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn ọdẹ? Ṣé ọdẹ fúnra rẹ̀ ni, àbí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń du orúkọ? Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti mú àpẹẹrẹ wa, láàrin àwọn tó ń dọdẹ àgbọ̀nrín, nítorí pé níbẹ̀ ni òṣùwọ̀n ọ̀hún ti ní nọ́ńbà.

Àgbọ̀nrín onírù funfun ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú àgbọ̀nrín inú igbó tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni a fi ń pè wọ́n. Ìwo tiwa kì í yọ ẹ̀ka, kì í sì í já bọ́. Tiwọn ń yọ ẹ̀ka bí igi. Ọdọọdún ni ó ń já bọ́ tí òmíràn ń hù dípò rẹ̀. Akọ ló máa ń ní in, ó sì máa ń tóbi sí i bí akọ náà bá ti ń dàgbà, títí yóò fi pé nǹkan bí ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹni tó bá pa èyí tí ìwo rẹ̀ tóbi, ó ti pa àgbà ẹran tó mọ ọgbọ́n tí a fi ń sá fún ọdẹ. Ibẹ̀ ni iyì rẹ̀ ti wá.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó ń pa ẹran fún títà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àgbọ̀nrín yìí run. Ní ọdún 1887, Theodore Roosevelt, ẹni tó di Ààrẹ ní 1901, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Boone and Crockett sílẹ̀ láti dáàbò bo ẹran ìgbẹ́. Ìlànà wọn ni pé ọdẹ gbọ́dọ̀ fún ẹran láyè láti sá. Ní 1932 wọ́n tẹ ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ìwo ńlá jáde. Ní 1950 wọ́n gba ìlànà ìwọ̀n tó dúró títí di òní wọlé. Wọ́n ń wọn gígùn ọ̀pá ìwo méjèèjì, gígùn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, àyíká ìwo ní ibi mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti àlàfo àárín ọ̀pá méjèèjì. Fún ìwo tó hù létòlétò, wọn a yọ ìyàtọ̀ tó bá wà láàrin ọ̀tún àti òsì kúrò. Ìwo náà gbọ́dọ̀ ti gbẹ fún ọgọ́ta ọjọ́, ó sì gbọ́dọ̀ tó ínǹṣì 170 kí orúkọ rẹ̀ tó lè wọ ìwé àgbà. Èyí tí Milo Hanson pa ní Saskatchewan, ní ilẹ̀ Kánádà, ní 1993, tó ínǹṣì 213 àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ, ó sì gba ipò kìíní.

Kò sí àbùkù nínú èyí. Nítorí ẹran ni wọ́n ṣe ń wọn ìwo: kí àkọsílẹ̀ lè wà nípa ohun tí wọ́n rò pé yóò parun, kí wọ́n sì mọ ibi tí igbó ti dára tí akọ ti ń rí àyè dàgbà. Àmọ́ òṣùwọ̀n tí a ṣe fún ẹran ti di ohun tí a fi ń wọn ènìyàn. Ọdẹ yóò pa ẹran tí òfin fi àyè gbà, ẹran tí ìdílé rẹ̀ yóò jẹ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ yóò máa bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má bínú, ìwo rẹ̀ kò tóbi. Ọ̀dọ́ tó kọ́kọ́ pa tirẹ̀, tí inú rẹ̀ ń dùn, yóò gbọ́ pé ì bá ti jẹ́ kí ó dàgbà. Ayọ̀ ọjọ́ náà di ìtìjú.

Àwọn kan yóò ní bí ọdẹ kò bá dá ọmọdé akọ sí, níbo ni àgbà yóò ti wá? Òótọ́ ni. Ìpínlẹ̀ Pennsylvania tilẹ̀ ṣe òfin ní 2002 pé iye ẹ̀ka ìwo akọ gbọ́dọ̀ tó báyìí kí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọdẹ tó lè yìnbọn fún un. Ṣùgbọ́n òfin tó de gbogbo ènìyàn yàtọ̀ sí òṣùwọ̀n tí ẹnìkan yàn fún ara rẹ̀. Ìka kò dọ́gba. Ẹni tó ní ilẹ̀ tirẹ̀, tó lè fi oṣù méjì gbáko ṣọ́ akọ kan ṣoṣo, kò lè fi òṣùwọ̀n rẹ̀ wọn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé méjì péré ló rí nínú ọdún. Bí ọdẹ bá ní òun kò ní í yìnbọn fún ọmọdé akọ, ìkóra-ẹni-níjàánu ni. Bó bá fi èyí kẹ́gàn ẹlòmíràn tí kò rú òfin, ìgbéraga ni.

Ewu ìdíje yìí kò mọ sórí ìtìjú nìkan. Àwọn kan ń sin àgbọ̀nrín nínú ọgbà tí wọ́n fi wáyà gíga yí ká, wọ́n ń ta ẹ̀tọ́ àtipa á fún olówó. Bí ìwo bá ṣe tóbi tó ni owó rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ẹgbẹ́ Boone and Crockett kì í kọ irú ẹran bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, nítorí kò ráyè sá. Kíkó ẹran láti ọgbà kan dé òmíràn sì lè tan àrùn tó ń ba ọpọlọ àgbọ̀nrín jẹ́, tó ń mú un rù títí yóò fi kú, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ní Colorado ní 1967. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ: ẹni tí orúkọ ń lé kiri kì í gbọ́ ohùn ìlànà mọ́.

Àwa náà mọ ìdíje láàrin ọdẹ. Níbi àríyá, àwọn oníjàálá a máa figa gbága. Bí ẹnìkan bá ṣì í kì, ẹlòmíràn yóò tọ́ ọ sọ́nà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ni wọ́n ń fi díje. Ẹni tó mọ ìṣe ẹranko, àwọ̀ rẹ̀ àti ìrìn rẹ̀ ni wọ́n ń yìn, kì í ṣe ẹni tí ìwo inú ilé rẹ̀ gùn jù. Èyí kò sọ wá di aláìlábàwọ́n, nítorí ọjà ẹran ìgbẹ́ ń dá igbó tiwa lóró lónìí bó ti dá ti Amẹ́ríkà lóró nígbà náà. Ó kàn fi hàn pé ìdíje lè wà láìsọ ènìyàn di nọ́ńbà.

Èrò wa ni pé ilé ni ó yẹ kí ọdẹ ti yan òṣùwọ̀n rẹ̀ kó tó wọ igbó, kó pa á mọ́ bí ojú kankan kò tilẹ̀ rí i, kó sì kí ẹlòmíràn kú iṣẹ́ lórí ẹran tó pa ní ọ̀nà tó tọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti di olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí yín. Iṣẹ́ tí ẹ óò ṣe pọn dandan kí ẹ máa wọn ọmọ, kí ẹ sì máa kọ máàkì. Ẹ wọn iṣẹ́ ọmọ náà dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kó rò pé òun gan-an ni ẹ wọ̀n.