Kí Ni Ghana-Must-Go Ń Wá ní Vienna?

Nígbà tí mo ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ lo sáà ẹ̀kọ́ kan ní Vienna, olú-ìlú Ọ́stríà, inú àpò Ghana-must-go kékeré kan ni mo kó gàrí, èlùbọ́ àti ata gígún sí. Nígbà tí mo débẹ̀, mo ju àpò náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mi ò sì rántí rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù Karùn-ún ló mú kí n tún un wò. Ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi sọ, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, nítorí ó ní iṣẹ́ kan tí mo gbà pé ó yẹ kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ṣe, àkókò rẹ̀ sì ti ń lọ.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Gánà láti Kumasi tí a jọ wà ní kíláàsì èdè Jámánì, la jọ jáde. A kọ́kọ́ lọ sí Mùsíọ́mù Àwọn Júù ní òpópónà Dorotheergasse, ní àárín gbùngbùn ìlú. Ọdún 1895 ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá mùsíọ́mù àwọn Júù sílẹ̀ ní Vienna, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lágbàáyé. Nígbà tí Hitler gba Ọ́stríà ní 1938, wọ́n tì í pa. Ó di 1988 kí ìlú náà tó dá òmíràn sílẹ̀. Àádọ́ta ọdún gbáko!

Àjà òkè pátápátá ni ẹsẹ̀ mi ti dúró. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ni wọ́n to àwọn ẹrù sí: fìtílà, ife fàdákà, adé tí wọ́n ń fi dé ìwé Tórà lórí, àpótí kékeré tí wọ́n ń kó èròjà olóòórùn dídùn sí fún ìparí ọjọ́ Sábáàtì. Kì í ṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan o. Oríṣi kan náà lè pọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n á tò wọ́n mọ́ra bí ọjà. Ọ̀rẹ́ mi ní ó jọ ìsọ̀ ní Kejetia. Ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́jà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹrù náà wá láti àwọn sínágọ́gù àti ilé àdúrà tí wọ́n bàjẹ́ ní oṣù Kọkànlá 1938. Sínágọ́gù ńlá kan tí iná ò jó nígbà náà ni èyí tó wà ní Seitenstettengasse. Ohun tó yọ ọ́ ni pé wọ́n kọ́ ọ mọ́ àárín ilé àwọn ẹlòmíràn; bí wọ́n bá ti iná bọ̀ ọ́, ilé aládùúgbò á jó pẹ̀lú rẹ̀. Inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n bàjẹ́.

Ṣáájú 1938, àwọn Júù tó ń gbé Vienna lé ní 170,000. Àwọn Júù Ọ́stríà tí wọ́n pa lé ní 65,000. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù sá lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ìdí nìyẹn tí ẹrù fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì sí olówó ẹrù.

A gba Judenplatz kọjá. Ère ìrántí àwọn tí wọ́n pa wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Rachel Whiteread, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2000. Ó rí bí yàrá ìkàwé tí wọ́n fi kọnkéré mọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìwé ló wà nínú, ojú tí à ń ṣí ló kọ sí wa. Èèyàn ò lè ka orúkọ ìwé kankan. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò ní ọwọ́ tí a lè fi ṣí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, a sọdá sí àdúgbò Leopoldstadt. Ẹ gbọ́ ìtàn orúkọ yẹn ná. Ní 1670, Ọba Leopold Kìíní lé àwọn Júù tó ń gbé ibẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orúkọ ẹni tó lé wọn sọ àdúgbò náà. Nígbà tó yá, àwọn Júù tún padà wá, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì pọ̀ sí jù ní gbogbo ìlú. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ẹnu ara wọn pe orúkọ Leopold.

Ní Leopoldstadt yìí ni ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ń pè ní Augarten wà. Ọgbà ọba ni tẹ́lẹ̀, Ọba Joseph Kejì ló ṣí i fún gbogbo ará ìlú ní 1775. Wọ́n kọ ọ́ sókè ẹnu géètì pé ibi ìgbádùn tí ẹni tó mọyì ọmọ ènìyàn yà sọ́tọ̀ fún gbogbo ènìyàn nìyí. Igi tò lọ gbọọrọ ní ọ̀tún àti òsì, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ìyá àgbà ń gba oòrùn. Láàárín gbogbo ẹwà yẹn ni ilé gogoro oníkọnkéré méjì dúró, dúdú, tí ìjọba Hitler kọ́ láti máa yin ìbọn sí bàálù nígbà ogun. Wọ́n ki débi pé títí di òní wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

A jókòó sórí bẹ́ńṣì, a ń jẹ ẹ̀pà. Ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ mi rán mi létí ohun tí a kà ní mùsíọ́mù: ní 1938 yẹn, wọ́n ṣòfin pé Júù kankan ò gbọ́dọ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú ọgbà ìgbafẹ́ ìlú mọ́. Ọgbà tí wọ́n ní gbogbo ènìyàn ló ni! Àkọlé tó ti wà lẹ́nu géètì láti ayé Joseph ò gba ẹnikẹ́ni là. Mo wo bẹ́ńṣì tí mo jókòó lé. Bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: wọ́n á kọ́kọ́ ní kí ẹnì kan dìde, àwọn yòókù á sún mọ́ra, wọ́n á jókòó dáadáa, wọ́n á máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Àpò orí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ yẹn, ṣé o mọ ẹni tó ni orúkọ yẹn?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Ní oṣù Kìíní 1983, ìjọba wa ní kí àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó jáde lé ní mílíọ̀nù kan, ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí wọ́n rí kó ẹrù sí ni àpò yẹn. Bàbá náà délé pẹ̀lú àpò kan àti ìwé ìṣirò.

Èmi náà sọ tèmi. Ìyá bàbá mi ta aṣọ ní Tamale. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ irú rẹ̀ gan-an: ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tí kò bá ní ìwé kó máa lọ. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìnísà tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìgbà àwọn bàbá wọn fi ìsọ̀ àti ilé sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ò gbọ́ ọ rí. Èmi náà ò gbọ́ ti àwọn olùkọ́ rí. Ẹ wo ohun tí àwa méjèèjì mọ̀: kálukú mọ èyí tí wọ́n ṣe sí i. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò sọ pé ohun kan náà ni. Ní Vienna, ètò pípa ènìyàn run ló gbẹ̀yìn rẹ̀; kò sí ohun tí a lè fi wé e. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìlú tó bá fẹ́ mọ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ èyí tó ṣe sílẹ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ṣe sí i. Ó pẹ́ kí Ọ́stríà tó ṣe é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn gan-an ni Hitler kọ́kọ́ fìyà jẹ. Ó di 1991 kí olórí ìjọba wọn, Franz Vranitzky, tó sọ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé àwọn ọmọ Ọ́stríà náà lọ́wọ́ nínú ibi náà.

Àwa ńkọ́? Mùsíọ́mù tí a ní fún 1983 kò ju àpò náfún yẹn lọ. A fi ń kó ẹrù wá sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, a sì ń pe orúkọ rẹ̀ bí ìgbà tí kò nítumọ̀.

Àwọn kan á ní, "Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ẹ má hú u jáde." Ṣé òótọ́ ni pé ó ti di àtijọ́? Nígbàkígbà tí ìdìbò bá dé tàbí tí ọjà ò bá tà, ṣé a kì í gbọ́ "ẹ padà sí ìlú yín" láti ẹnu àwa ọmọ Nàìjíríà sí ara wa? Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Àwọn mìíràn á ní kò sówó. Fóònù tí a fi ń ya ara wa ti tó. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1969 ti lé ní ẹni àádọ́rin báyìí. Bí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá lọ́dọọdún bá lè gba ọ̀rọ̀ ẹni mẹ́wàá péré sílẹ̀, a ó ní ohun tí kò sí níbòmíràn: ìtàn náà lẹ́nu àwọn tó ni ín, pẹ̀lú Yorùbá wọn tí Haúsá àti Twi ti wọ̀. Kí a má sì fi mọ sí ti 1969. Kí a bi àwọn òbí wa pé ní oṣù Kìíní 1983, kí ni wọ́n ṣe? Ta ló ra bẹ́ẹ̀dì olùkọ́ ọmọ Gánà ní ẹ̀dínwó? Ta ló fi ẹnì kan pa mọ́? Bí wọ́n bá lọ láìsọ, ìwé tí ẹnikẹ́ni ò ní lè ka orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pe ìyá àgbà lórí fóònù, mo sọ ọ̀rọ̀ bẹ́ńṣì náà fún wọn. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o jókòó?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa obìnrin ará Tamale kan tó bá wọn tọ́jú ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Mo gbà á sílẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú.

Ẹyọ kan rèé. Ta ló kàn?