Òǹkà Nínú Ọpọ́n Ayò

Ọmọ kan wà tó lè ka ení, èjì, ẹ̀ta dé àádọ́ta láìṣì í kà, àmọ́ tí ẹ bá ní kó mú orógbó mẹ́ta wá, odidi abọ́ ló máa gbé wá. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní autism ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó ti há òǹkà sórí bí orin ni. Kò tíì mọ̀ pé iye nǹkan ni.

Èdè wa gan-an ò jẹ́ kó rọrùn. Ẹ wò ó: ẹ̀ta là ń kà, mẹ́ta là ń béèrè, ọjọ́ tó tẹ̀ lé èkejì sì ń jẹ́ ọjọ́ kẹta. Ọmọ tó ń gba ọ̀rọ̀ bó ṣe bọ́ lẹ́nu, ta ló sọ fún un pé ọ̀kan náà ni ẹ̀ta àti mẹ́ta? Nínú ẹbí wa, bàbá kan ti fẹ́ torí èyí dá owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ dúró. Ìyá ọmọ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀." Mo bi bàbá pé ṣé àwa tí à ń bọ Ọbàtálá, tí à ń pe ẹni tó mọ lọ́nà ọ̀tọ̀ ní ẹni òòṣà, la ó wá sọ pé ọmọ yìí ò yẹ lẹ́ni tí à ń kọ́? Ó dákẹ́. Mo ní kó lọ gbé ọpọ́n ayò wá.

Ihò 12 ló ní, ọmọ ayò 48, ihò kọ̀ọ̀kan sì ní ààyè tirẹ̀. Ẹ má tíì kọ́ ọ bí a ṣe ń ta á. Ẹ fi mẹ́ta sínú ihò kan, kí ẹ jọ máa fọwọ́ kàn wọ́n: ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹ wá sọ pé, "Mẹ́ta." Kẹ́ ẹ dákẹ́. Àlàyé púpọ̀ ló ń ba ẹ̀kọ́ yìí jẹ́, pàápàá tiwa àgbà tí ẹnu wa kì í sinmi. Lẹ́yìn náà, ẹ na ọwọ́: "Fún mi ní mẹ́ta." Bó bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ fi ṣíbí ṣe é, ẹ fi bàtà ṣe é, nítorí ó lè rò pé ọmọ ayò nìkan ló ń jẹ́ mẹ́ta.

(Ikin àti owó ẹyọ ojúbọ kì í ṣe ohun ìṣeré o. Ọmọ tó bá sì ń ki nǹkan bọ ẹnu, ṣíbí ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ ayò má lọ há a lọ́fun.)

Láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sókè ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ka ogún ọmọ ayò sílẹ̀, ẹ mú mẹ́rin kúrò: mẹ́rìndínlógún. Ohun tí ọwọ́ ṣe ni ẹnu sọ. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ò kà á bẹ́ẹ̀. Mẹ́fà lórí mẹ́wàá ni tiwọn. Nítorí náà, ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sórí èdè tí ọmọ máa fi mọ 16 ná. Bó bá ti dá a lójú, ẹ wá mú èkejì wọlé.