Ẹ̀sùn Kan Olùṣirò Tó Ń Da Òdo Nù

Ẹ̀yin adájọ́, ẹni tí mo mú wá síwájú yín ni onímọ̀ ọrọ̀-ajé tó mọ̀ pé wọ́n ti gé orí tàbí ìdí nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ òun, tó sì fi wọ́n ṣèṣirò bí ẹni pé wọ́n pé.

Ẹ̀sùn kìíní: ó da òdo nù. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ka obìnrin ilé ọkọ 753 àti wákàtí tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ owó ní 1975. Àwọn 428 ṣiṣẹ́. Àwọn 325 kò ṣe rárá. Olùjẹ́jọ́ ń wá ohun tó ń mú obìnrin jáde lọ síbi iṣẹ́, ó wá yọ àwọn tí kò jáde kúrò. Ìyá tó jókòó sílé nítorí pé owó iṣẹ́ náà kò tó èyí tó máa san fún ẹni tó máa bá a mójú tó ọmọ, òun gan-an ni ìdáhùn. Ẹlẹ́rìí 325 ló lé jáde ní kóòtù kí wọ́n tó la ẹnu.

Ẹ̀sùn kejì: nígbà tó fi òdo sílẹ̀ pàápàá, kò mọ ohun tí òdo jẹ́. James Tobin, onímọ̀ ọrọ̀-ajé bíi tirẹ̀, ti ṣàlàyé rẹ̀ ní 1958: ìdílé tó kù díẹ̀ kó ra mọ́tò àti èyí tí kò lálàá rẹ̀ rí, òdo kan náà ni wọ́n ń kọ fún wọn. Tobin fi ọ̀nà àtúnṣe sí i. Olùjẹ́jọ́ fa ìlà tààrà tirẹ̀, ìlà náà sì sọ pé tálákà máa ná owó tó dín sí òdo. Àìmọ̀ kọ́. Ọ̀lẹ ni.

Ẹ̀sùn kẹta ló dùn mí jù. Nínú Current Population Survey, ìwádìí oṣooṣù ìjọba Amẹ́ríkà, títí di 1988, ẹni tí owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ bá ti kọjá dọ́là 999, 999 ni wọ́n ń kọ, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Ìjọba kò fi èyí pamọ́. N kò bá wọn rojọ́. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ń lọ sókè lọ́dọọdún, ààlà ò kúrò lójú kan, àwọn tó ń forí gbá a sì ń pọ̀ sí i. Ẹni tó fọwọ́ gbá ẹnu kóńgò kò lè sọ iye gààrí tó dà sílẹ̀. Ní 1989 wọ́n gbé ààlà sí 1,923, ni owó àwọn ọlọ́lá bá fò sókè nínú ìwé olùjẹ́jọ́, láìsí ẹni tí wọ́n fi kún owó rẹ̀. Ó fi àlàfo tó wà láàárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá pamọ́ fún àwọn tó ń ṣòfin owó-orí.

Ẹ̀sùn kẹrin: nígbà tí àṣírí tú, ó sá di ọ̀nà Tobin, tí wọ́n ń pè ní Tobit, ó sì ń lò ó fún gbogbo nǹkan. Ọ̀nà yẹn gbà pé ohun tó ń pinnu bóyá ènìyàn máa rajà náà ló ń pinnu iye tó máa rà. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò jẹ́ kó mu sìgá, owó sìgá kọ́ ló dá a dúró. Ó tún gbà pé àṣìṣe inú nọ́ńbà pín lọ́nà kan pàtó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, èsì ti wọ́, bó ti wù kí àwọn tí wọ́n kà pọ̀ tó. Kò yẹ èyíkéyìí wò. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó gba èsì, ó buwọ́ lù ú.